Kọ̀ǹpútà Tó Lè Gbé Bọ́ọ̀lù Jímọ̀

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ọdún tí gbogbo ilé wa, títí kan Ìyá Àgbà tí kò mọ̀wé, kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè bóyá kọ̀ǹpútà kan lè gbé eré bọ́ọ̀lù. Àárín ìgboro Ọ̀wọ̀ ni ilé wa wà, níbi tí ilé àwa Mùsùlùmí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti fara kan ara wọn débi pé bí wọ́n bá ń dín ata ní ilé kejì, àwa la máa kọ́kọ́ sín. Káfíńtà ni bàbá mi. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ni màá kọ́kọ́ gbọ́ lójúde, ṣàà, ṣàà. Lẹ́yìn náà ni ìfági bàbá mi á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù onípáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ohùn rẹ̀ á gùn, á sì rọ̀, bí èémí ẹni tó sun oorun àsùnwọra. Iṣẹ́ tèmi ni kí n ṣa èérún igi tó ká kóróbójó sílẹ̀, kí n fi dáná ògì. Títí di òní, bí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kọjá, ebi ògì gbígbóná ni ó máa ń pa mí. Èdè Ọ̀wọ̀ la ń sọ láàárín ara wa, Ìyá Àgbà tí wọ́n bí ní Imeri kò tilẹ̀ pe ìlú náà ní nǹkan mìíràn ju Ọ̀ghọ̀ lọ, ṣùgbọ́n Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́ ni mo fi ń kọ èyí, nítorí àwọn ọmọ mi tí kò gbọ́ tilé.

Jímọ̀ ni àkọ́bí, èmi Ṣíkírátù ni mo tẹ̀ lé e. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára rẹ̀ láti inú oyún. Gbogbo ilé ló mọ òfin rẹ̀ bí a ṣe mọ àkókò ìrun: òjò kò gbọ́dọ̀ pa á, òtútù kò gbọ́dọ̀ mú un, omi kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹnu rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sáré. Màámi á se ewé pòròpòrò fún un títí omi rẹ̀ á fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, á dúró tì í títí tí yóò fi mu ún tán. Bí a bá ń gún iyán, tí iṣu tuntun bá ti Iyere dé, èmi ni mo ń gbá ọmọ odó mú, òun á jókòó lórí àpótí, á máa fi ẹnu kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún un. Pápá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa níbi tí àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Orí ògiri ni Jímọ̀ máa ń jókòó sí, pẹ̀lú fèrè lẹ́nu, òun ni rẹfirí wọn. Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn, nítorí ó mọ òfin bọ́ọ̀lù ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lára ògiri náà. Bí ẹnìkan bá gba bọ́ọ̀lù tó sì kọrí sí ojú góòlù, ẹsẹ̀ Jímọ̀ á máa sáré nínú afẹ́fẹ́. Ìyá Àgbà rí i lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kó jókòó, ọkàn rẹ̀ kì í jókòó.” Ó sì wọlé lọ.

Yàrá iwájú ni bàbá mi fi háyà fún àwọn ọmọ ilé ìwé gíga pólì. Ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́dún náà ni Bùròdá Tádé, ọmọ Ìṣẹ́yìn, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbàgbé láti dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Àgbà. Òun ló gbé kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ ilé wa, tòkunbọ̀ ni, ó funfun tẹ́lẹ̀ kó tó di aláwọ̀ ẹyin. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ kíláàsì Jímọ̀ kan tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti òkè òkun dé fún un ní síìdì eré bọ́ọ̀lù kan nínú páálí rẹ̀. Nínú eré yìí, ìwọ lo máa fi ìka darí agbábọ́ọ̀lù, ibi tí o bá ní kó sá lọ ni yóò sá lọ. Jímọ̀ gbé páálí náà sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Lẹ́yìn páálí náà ni wọ́n kọ ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní kó tó lè gbé eré náà, lẹ́tà wínníwínní bí ẹyin kòkòrò. Jímọ̀ ti kà á títí ó ti há a sórí, ṣùgbọ́n kò yé e.

Àárọ̀ Sátidé ni òun àti Bùròdá Tádé yẹ kọ̀ǹpútà náà wò. Èmi náà wọlé, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Bùròdá Tádé tẹ ọ̀rọ̀ kan wọlé, fèrèsé funfun kan ṣí lójú kọ̀ǹpútà, ó ń fi ìka tọ́ ọ, ó sì ń wo páálí.

“Ọpọlọ rẹ̀ tó o,” ni ó wí. “Àyè tí a máa gbé e sí náà wà. Mẹ́mọ́rì…” Ó tún wo páálí. “Ìdajì ohun tí wọ́n béèrè ló ní.”

“Kí ni mẹ́mọ́rì ń ṣe?” Jímọ̀ béèrè.

“Ó dà bí tábìlì tí Bàbá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Igi lè pọ̀ nílé, ṣùgbọ́n bí tábìlì bá kéré, wọn ò ní rí ibi gé e.” Ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. “Káàdì àwòrán ni kò sí rárá. Òun ló máa ń ya àwọn èèyàn tó ń sáré yẹn.”

“Ẹ tún un wò.”

“Jímọ̀, mo ti wò ó.”

“Bùròdá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn tún un wò.”

Ó tún un wò. Nígbà tó rí ojú Jímọ̀, ó gbìyànjú láti gbé eré náà wọlé bẹ́ẹ̀. A jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò ẹ̀wà, títí ó fi wọlé tán. Ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ kó ṣí, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, gbólóhùn òyìnbó kúkúrú kan jáde. Jímọ̀ kà á sínú, ó gba síìdì rẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà,” ó sì jáde. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, kò gbójú kúrò lórí igi tó ń fá. “Eré lásán,” ni ó wí. “Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Lónìí, ọmọ mi ọkùnrin á tẹ orúkọ eré kan sórí fóònù, á tẹ orúkọ kọ̀ǹpútà wa tẹ̀ lé e, ojú ewé kan á sì sọ fún un kíá bóyá ó lè gbé e tàbí kò lè gbé e. Bó bá sọ pé kò lè gbé e, ọmọ náà á pòṣé, á wá òmíràn. Èmi nìkan ni mo máa ń dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró. Kò mọ ìdí rẹ̀ rí, n kò sì tíì sọ ọ́ fún un.

Òjò ọdún náà pọ̀. Bí a ṣe ṣọ́ Jímọ̀ tó, òtútù wọ inú egungun rẹ̀. Ohun tí mo rántí ni ohùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í ṣe igbe, ohùn ẹni tí kò fẹ́ kí àwọn ará ilé kejì gbọ́ ni. Bàbá mi gbé e pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ọmọ tí irùngbọ̀n ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ láti ilé, mo sì wà níbẹ̀ ní ọ̀sán tí ìrora náà rọlẹ̀ díẹ̀. Bàbá mi jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó le bí pákó ra orúnkún ọmọ rẹ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́.

“Kí lo fẹ́ jẹ, Jímọ̀?” ni ó béèrè. “Ohunkóhun. Sọ ọ́.”

“N kò fẹ́ jẹun, Bàbá.” Ó yíjú sí i. “Ẹ bá mi béèrè bóyá kọ̀ǹpútà kankan wà nílùú yìí tó lè gbé bọ́ọ̀lù yẹn.”

Mo rò pé bàbá mi á bínú. Kò bínú. “Kí ló wà nínú rẹ̀ ná?”

“Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí,” ni Jímọ̀ wí, “kí èèyàn gba bọ́ọ̀lù, kó sì máa sá lọ.”

Bàbá mi ń ra orúnkún náà lọ. Nígbà tí a dé ilé, ó ní kí n mú páálí síìdì náà wá lábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì wọ yàrá Bùròdá Tádé lọ. Láti ojúde ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn, Bùròdá Tádé ń sọ, bàbá mi ń tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀, bí ọmọ ilé kéú tí ń kọ́ súrà: mẹ́mọ́rì, káàdì àwòrán, àyè.

Láti ọjọ́ kejì, bí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, á gbọn èérún igi kúrò lára aṣọ, á de fìlà rẹ̀, á fi páálí náà sábẹ́ abíyá. Mo máa ń tẹ̀ lé e kí a tó gba ọsibítù lọ. Ó wọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Ó dé ẹnu ọ̀nà pólì, ó ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró. “Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, kọ̀ǹpútà tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó lè gbé èyí?” Obìnrin kan rò pé fíìmù ni ó ń tà, ó ní àwọn ti wo ìyẹn. Ní ṣọ́ọ̀bù kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbá gémù?”

“Ọmọ mi ni,” bàbá mi dá a lóhùn. “Ó wà ní ọsibítù.”

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó gba páálí náà, ó fi ọ̀wọ̀ gbà á, ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. “Kò lè gbé e, sà,” ni ó wí, bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. “Kò ní káàdì.” Bàbá mi dúpẹ́, ó jáde, ó wọ ibòmíràn. Mo ti rí i tó ń gbé òrùlé sókè, mo ti rí i tó ń gbá ìṣó wọ inú ìrókò ní ẹ̀ẹ̀kan péré, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe lágbára tó, inú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn ni mo ti rí i.

Ọ̀dọ̀ ayàwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Wàhábì ni a parí rẹ̀ sí. Òun ló ń ya fọ́tò ìgbéyàwó, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì tóbi, nítorí fọ́tò tó ń tún ṣe níbẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. “Èyí máa gbé e, Bàbá. Ṣùgbọ́n òun ni mo fi ń jẹun, n kò lè yọ̀ǹda rẹ̀.” Bàbá mi ní ó yé òun. A ti yíjú sí ìta nígbà tí Wàhábì pè wá padà. Ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó tú u, ó tú u, ó mú káàdì aláwọ̀ ewé kan jáde pẹ̀lú pẹlẹbẹ kékeré kan. “Nígbà tí mo pààrọ̀ ti inú tèmi sí tuntun, mo yọ àwọn wọ̀nyí. Káàdì nìyí, mẹ́mọ́rì nìyí. Ẹ mú wọn lọ. Bí wọ́n bá bá ti yín mu, kí Ọlọ́run fún ọmọ náà ní àlàáfíà.” Bàbá mi bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi wé wọn, orí rẹ̀ wà lásán nínú oòrùn títí a fi délé.

Wọ́n dá Jímọ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù. Ọjọ́ tí Bùròdá Tádé tú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti fi káàdì náà sí i, gbogbo ilé ló dúró sójú fèrèsé. Iná wà, Màámi sì ń dá ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan wáyà lẹ́kun. Nígbà tó tàn, Bùròdá Tádé tún ṣí fèrèsé funfun yẹn, ó sì gbé páálí lé orúnkún. “Mẹ́mọ́rì tó,” ni ó wí. “Káàdì… ó ti rí káàdì.” Ó yíjú sí wa. “Ó máa gbé e.” Ìyá Àgbà ní “Alhamdulillahi” bí ẹni pé ọmọ tuntun ni wọ́n bí.

Eré náà gbà kí èèyàn dá agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ sílẹ̀, kó sọ ọ́ lórúkọ, kó yan bó ṣe ga tó àti bó ṣe dúdú tó. Jímọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ wọlé tán. “Èwo ni ìwọ?” ni ó béèrè. Jímọ̀ fi ìka kàn án: ọ̀kan tó gùn, tó dúdú, tí orúkọ wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù kàn án. Ó gbà á, ó yí padà, ó sì sáré. Ó sáré ní ẹ̀gbẹ́ pápá náà, koríko ń sá kọjá lábẹ́ rẹ̀, kò dúró, àwọn tó ń lé e kò bá a.

“Jímọ̀, rọra!” Bàbá mi ló kígbe. Ó ti wọ àárín yàrá. “Rọra sáré! Má jẹ́ kó rẹ̀ ọ́!”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Jímọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní èérún igi ló wọ̀ ọ́, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Jímọ̀ la gbogbo wa ń wò lọ́dún náà. Bó bá wúkọ́, a ó jí. Bí ojú rẹ̀ bá pọ́n, Màámi á gbé omi ka iná. Ìyá Àgbà máa ń sọ pé ibi tí à ń wò lára òrùlé kọ́ ló máa ń jò. N kò mọ ohun tó túmọ̀ sí títí di àárọ̀ tí bàbá mi lọ kan òrùlé ilé kan ní Arimogija. Òjò ti rọ̀ sórí igi, igi náà yọ̀, bàbá mi já bọ́ láti òkè. Wọ́n gbé e dé nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó kòkó. Ó ti kú kí wọ́n tó jáde ní Arimogija. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Òjò tún ń rọ̀, kò sì sí ẹni tó rántí láti mú Jímọ̀ wọlé. Ó dúró létí sàréè náà, ó tutù rinrin láti orí dé ẹsẹ̀. Síbẹ̀, àìsàn kò gbé e ṣánlẹ̀. Mo ti bi í lẹ́yìn ìgbà yẹn, òun náà kò mọ ìdí rẹ̀. Ó wà láyé di òní, tíṣà ni ní Ifọ́n, ó bí ọmọ méjì, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó kí ó gbà wọ́n láyè láti máa sá kiri.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àlejò lọ tán, ilé dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà dé, lẹ́yìn rẹ̀ kò sí ohùn kankan. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo gbọ́ tí kọ̀ǹpútà ń dún ní yàrá Bùròdá Tádé. Inú bí mi pé Jímọ̀ lè máa gbá gémù. Mo wọlé láti bá a wí. Kò gbá nǹkan kan. Ibi tí wọ́n ti ń dá agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀ ni wọ́n wà, orúkọ bàbá mi ni Bùròdá Tádé sì ń tẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.

“Ẹ̀yìn ni kí ẹ fi Bàbá sí,” Jímọ̀ ń wí. “Níbi tí wọ́n á ti máa rí gbogbo wa.”

“Ẹ̀yìn náà ni mo fi wọ́n sí. Ó ń béèrè bí wọ́n ṣe ga tó.”

“Wọ́n ga.”

“Nọ́ńbà ni ó fẹ́, Jímọ̀.”

A wo ara wa. Jímọ̀ ní orí wọn máa ń kan òkè ilẹ̀kùn. Mo ní kò kàn án. Ó ní ó kàn án, mo ní kò kàn án, ohùn wa ń lọ sókè, ohun tó wà nínú iyàn náà kì í ṣe iyàn. Ìgbà náà ni a rí Màámi lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ opó rẹ̀, ìbòrí rẹ̀ dé èjìká. Bùròdá Tádé sáré dìde.

“Kí lẹ ń ṣe?” ni Màámi béèrè.

Jímọ̀ gbé ojú sílẹ̀. “A fẹ́ fi Bàbá sínú bọ́ọ̀lù, Màámi. Kọ̀ǹpútà ń béèrè bí wọ́n ṣe ga tó.”

Mo ń retí igbe. Màámi wọlé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó dúró ṣánṣán lórí ilẹ̀ ṣìmẹ́ńtì, ó sún sí apá kan díẹ̀, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kọjá orí ara rẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà, ó sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìwọ̀nba títí ó fi dúró.

“Ibí ni,” ó wí. “Bí mo bá dúró tì wọ́n, ibí ni.”

Bùròdá Tádé wo ọwọ́ náà pẹ́. Ó jókòó, ó tẹ nọ́ńbà kan, kọ̀ǹpútà sì gbà á. Màámi kò tíì gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.